Gbọ́mọsápò ní Ọjà'ba

Ká má parọ́, ó máa ń dùn mí pé Gbọ́mọsápò ni gbogbo ayé rántí. Èmi ni mo ni ètò náà. Èmi, Àǹtí Rachel, ni mo máa ń kí àwọn ọmọdé káàbọ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ Sátidé, tí mo ń kọ́ wọn lórin, tí mo ń pààlọ́ fún wọn, tí mo ń kí àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí. Ọ̀fun mi á ti gbẹ kí ètò tó parí. Iṣẹ́ Gbọ́mọsápò kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Á fò wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú lágbọ̀n àti àpò kòkó léjìká, á máa fimú sọ̀rọ̀, á gbé ọmọ aláìgbọràn kan sínú àpò, àwọn ọmọ tó kù á figbe ta. Síbẹ̀, bí mo bá pàdé ẹni tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún lónìí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní báǹkì, tí mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣe ètò yẹn, ojú rẹ̀ á dán, á ní, "Háà, Màmá! Gbọ́mọsápò ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láyé?" Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ pé èmi wà láyé.

Ó wà láyé. Yẹ̀kínì lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni ní Beyerunka. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí à ń ṣe ètò náà, òwú la fi ń sọ ọ́ di arúgbó. Nígbà tó wá darúgbó lóòótọ́, irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí òwú yẹn rárá, bí ẹni pé a ti rán aṣọ ogbó rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Òǹtẹ̀wé kan ní Bẹẹrẹ tilẹ̀ ṣe ìwé aláwòrán nípa Gbọ́mọsápò nígbà kan, orí ńlá, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìwé tó jáde fúngbà díẹ̀ tí kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Yẹ̀kínì ṣì lẹ ojú ìwé kan lára rẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi ò sí nínú ìwé náà. Ní agboolé wọn, Gbọ́mọsápò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Karimat, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan pè wá pé àwọn fẹ́ ṣe ètò ìrántí, pé kí àwa méjèèjì wá ṣe bí a ti ń ṣe é láyé ijọ́un, inú mi dùn púpọ̀. Mo dúró níwájú dígí nínú yàrá mi ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, mo ń dán ohùn mi wò bí ọmọge. Yẹ̀kínì ní òun kò ní ṣe é láìsí àpò kòkó gidi, èyí tí òun ní tẹ́lẹ̀, eku ti jẹ ẹ́. "Àǹtí, àwọn ọ̀rá ìsinsìnyí yẹn kì í ṣe àpò," ó wí. Bí a ṣe gba Orítamẹ́rin lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nìyẹn. Àwọn ọmọ iléèwé wà ní ọlidé, Mutmainnah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bí Karimat, sì wà níbi iṣẹ́ ìjọba ní Agodi. Ó ti fa ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, a sì mú un dání.

A rí àpò. Òórùn kòkó ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ya nísàlẹ̀. Mo ní ká gba Ọjà'ba kọjá, kí n ra abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tí a máa fi rán an.

"Bàbá Mutmainnah, ẹ dúró síbi ìbòji yìí," mo wí. "Mi ò ní pẹ́."

Mo pẹ́. Obìnrin tó ń ta abẹ́rẹ́ ń wo fídíò lórí fóònù, kò sì fẹ́ gbójú sókè dá mi lóhùn. Èmi náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbójú kúrò lára ìwàkiwà, mo dúró, mo ń bá a wí. Ibẹ̀ ni mo wà tí igbe fi sọ níta. Ọjà'ba ò ṣàjèjì sí igbe, mi ò kọ́kọ́ kà á sí. Àfìgbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pariwo.

"Gbọ́mọgbọ́mọ! Ẹ gbà mí o! Gbọ́mọgbọ́mọ!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Karimat ló ní kí wọ́n gbé òun sínú àpò. Eré tí wọ́n máa ń ṣe nílé ni. Bàbá yìí ò ronú rárá. Láyé tí a wà yìí, tí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n jí gbé kò kúrò lẹ́nu àwọn ará ọjà, ó gbé ọmọ sínú àpò lójú gbangba, ó gbé e kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fimú sọ̀rọ̀, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ayọ̀ pé òun ń padà sórí tẹlifíṣọ̀n ló ń gùn ún. Eruku kòkó kó sí ọmọ lójú, ọmọ bú sẹ́kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì yọ jáde níbi tí àpò ti ya. Waliyat, obìnrin tó ń ta ìbòrí ní ọ̀ọ́kán, rí ẹsẹ̀ yẹn. Ó gbójú sókè wo ẹni tó gbé àpò, ló bá figbe ta.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti gbá Yẹ̀kínì lulẹ̀. Fìlà rẹ̀ ti lọ, ètè rẹ̀ ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sínú irùngbọ̀n funfun yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sàlámì, tó máa ń ru ẹrù fún àwọn ọlọ́jà, tẹ orúnkún mọ́ ọn láyà. Waliyat ti gbé Karimat mọ́ra, ó ń fi etí ìbòrí nu ojú rẹ̀.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi," ó wí. "Ṣé bàbá ẹ lèyí?"

Bàbá Karimat ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ọmọ náà sì mọ ìyàtọ̀. "Rárá," ó wí.

"Ta wá ni?"

"Gbọ́mọsápò ni."

Àwọn èèyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́!" Ẹlòmíràn gbá Yẹ̀kínì nípàá. Mo fi ìgúnpá là wọ́n kọjá, bàtà mi kan jábọ́, mi ò dúró mú un.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọ ọmọ ẹ̀ ni! Bàbá tó bí ìyá ẹ̀ nìyí!"

Sàlámì yíjú sí mi. "Màmá, ta lẹ̀yin?"

"Èmi ni Àǹtí Rachel."

"Àǹtí Rachel wo?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kẹ́nìkan bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo sọ fún un. Mo sọ nípa tẹlifíṣọ̀n, mo sọ nípa ètò ọmọdé, mo ní Gbọ́mọsápò kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, orúkọ inú eré ni. Ó kàn ń wò mí ni. Wọn ò tíì bí i nígbà tí ètò wa kúrò nílẹ̀, àwọn tó yí i ká náà kò dàgbà jù ú lọ. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí mo lè bá rántí nǹkan kan.

"Ṣé ẹ jọ ń ṣe é ni?" ó bi mí. "Torí ọmọdé á tètè tẹ̀ lé màmá arúgbó, wọn ò ní fura."

Kí n tó lanu, obìnrin kan ti já báàgì gbà lọ́wọ́ mi. Ó tú u. Ó fa abẹ́rẹ́ ńlá náà yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ọjà lè rí i.

"Ẹ wo nǹkan! Ẹ wo òwú! Wọ́n fẹ́ rán ẹnu àpò náà ni!"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti dàgbà, mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ, mo rò pé ẹ̀rù ti tán lára mi. Mo gbá fóònù mi mú kí wọ́n tó gba ìyẹn náà. Mo pe Mutmainnah. Ó ń dún, kò gbé e. Mo tún pè. Ó ń dún, kò gbé e. Mo rántí pé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù wọ ìpàdé ọ̀gá wọn. Mo wá àwòrán tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà fi ránṣẹ́ sí mi, èmi àti Yẹ̀kínì láyé ijọ́un, àwọn ọmọdé yí wa ká, àpò wà ní àárín. Mo nà án sí Sàlámì lójú.

Ó wò ó fìrí. "AI ni," ó wí. "Màmá, ẹ má fi wá ṣeré. Èmi náà lè ṣe irú ẹ̀ níbí yìí báyìí."

Ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fọganáísà tó wà ní ìdí òkè Màpó. Mo rí táyà náà bó ṣe ń bọ̀, tí àwọn èèyàn ń yà fún un. Ọlọ́kadà kan ti ń fa epo jáde nínú ọ̀kadà rẹ̀ sínú ìgò. Àwọn mìíràn ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. Gbogbo ìgbà yìí, Yẹ̀kínì ò yé bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ ọmọ mi ni. Ará Beyerunka ni mí, ẹ lọ béèrè. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Waliyat ló kọ̀.

"Ẹ má fi í sílẹ̀ o!" ó kígbe. "Mo mọ ojú yìí! Kì í ṣòní ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i tó gbé ọmọ sínú àpò rí, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì! Irùngbọ̀n yẹn náà ni! Ọmọ náà ò padà wálé!"

Ìyẹn ló mú mi wò ó dáadáa. Kì í ṣe ọmọdé. Ewú ti yọ díẹ̀ létí ìbòrí rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó ti àwọn tí ojú wọn máa ń dán nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ètò wa. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ kò dán. Kò parọ́ o. Ó tún fún Karimat mọ́ra. Obìnrin náà ti rí ohun tó rí.

Mo ti ṣe tíṣà kí n tó dé orí tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ tó ń sunkún ní ìbéèrè.

"Ìyá, níbo lo ti rí i?" mo wí. Mi ò pariwo.

"Bẹẹrẹ. Ilé wa ní Bẹẹrẹ."

"Ó wọ ilé yín?"

"Rárá. Ilé... pálọ̀ àwọn ará iwájú ilé wa. Gbogbo wa la jókòó. Mo kéré."

"Ta ló gbé?"

"Ọmọkùnrin kan. Ó gbé e sínú àpò, ọmọ náà ń ta ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ báyìí." Ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹsẹ̀ ṣe yọ. "Mo fẹ́ sá. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn."

"Ó ṣókùnkùn báwo?"

"Ó kàn ṣókùnkùn ni!"

"Ṣé iná lọ?"

Sàlámì ń sọ pé kí wọ́n mú ìgò wá, pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Mi ò dá a lóhùn, Waliyat ni mò ń wò.

"Iná lọ," Waliyat wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n mú iná lọ. Gbogbo wa ṣe 'áà!' Wọ́n tan àtùpà. Mo jókòó, mò ń retí kó jáde. Ìyá mi ní kí n lọ sùn."

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Ìgbà tí ètò wa bá fẹ́ parí ni Gbọ́mọsápò máa ń wọlé, ìgbà yẹn náà sì ni iná sábà máa ń lọ níbi púpọ̀ ní Ìbàdàn. Àwa wà ní sítúdíò, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, à ń ṣe ètò wa tán, à ń rẹ́rìn-ín, à ń lọ sílé. A ò mọ̀ pé ọmọdé ń bẹ nínú pálọ̀ òkùnkùn tí wọ́n rí i tí ọmọ wọlé sínú àpò tí wọn kò rí i kó jáde. Ọmọ yìí ti dàgbà, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ó gbàgbé tẹlifíṣọ̀n, ó gbàgbé èmi. Ẹ̀rù nìkan ni kò gbàgbé.

"Tẹlifíṣọ̀n lo ti rí i," mo wí. "Eré ni. Ọmọ náà jáde."

"Màmá, mo rí i!"

"O ò rí ìparí ẹ̀."

Sàlámì dìde kúrò láyà Yẹ̀kínì, ó gba ìgò lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Òórùn epo gba ibẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọ́n á sun ún lójú mi. Mo dúró lórí bàtà kan, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí mo ṣe máa ń gbé e, mo sì pe àwọn ọmọ mi pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pè wọ́n nígbà náà, ohùn tí mo ti ń dán wò níwájú dígí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi!"

Àwọn ọ̀dọ́ wo ara wọn, ọ̀kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ mi!"

Láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tó ń ta bàtà wà, ohùn ọkùnrin kan dáhùn, ó rọra jáde bí ti ẹni tí ojú ń tì. "Àǹtí wa."

"Mi ò gbọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ mi!"

"Àǹtí wa!" Wọ́n ti di mẹ́rin, márùn-ún. Obìnrin tó já báàgì mi gbà wà lára wọn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn tó dáhùn tán.

"Ta ló wà nínú àpò?" Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n nìyẹn nínú ètò wa, bí ọmọ bá ti wọ inú àpò tán.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un. Nílé wọn, bí wọ́n bá ti béèrè ìbéèrè yẹn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nínú àpò. Karimat bọ́ sílẹ̀ lára Waliyat, ó nu imú, ó sáré lọ síbi tí àpò kòkó wà nílẹ̀, ó sì wọ inú rẹ̀, ó fa ẹnu rẹ̀ bo ara rẹ̀ lórí. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Sàlámì gbé ẹsẹ̀ láti fà á jáde.

"Má fọwọ́ kàn án!" Waliyat ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé ọwọ́ sí àyà. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kò dà bí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ wa ni."

"Ṣé ká fi í sílẹ̀ síbẹ̀?" mo wí.

"Rárá o! Ẹ tú u sílẹ̀!" Ibi púpọ̀ ni èyí ti wá, láti ìsọ̀ sí ìsọ̀, àwọn ohùn tó ti gbó, ohùn bàbá àti ohùn ìyá, tí wọ́n ń pariwo ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Karimat ta àpò dànù, ó fò jáde. Ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ nílẹ̀, ó di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó fà á. Ibi kan ṣoṣo nínú ètò wa nìyí tí ọmọdé ti lè pe àgbà ní ìwọ, tí ìyá rẹ̀ kò ní gbá a lẹ́nu.

"Gbọ́mọsápò, ṣé o túúbá?"

Ó ku Yẹ̀kínì. Gbogbo ọjà ń wò ó. Ó yẹ kó kúnlẹ̀, kó fimú sọ̀rọ̀, kó yí ojú po, kó sọ pé òun túúbá. Kò mira. Ó kàn ń wo ìgò tó wà lọ́wọ́ Sàlámì. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Mo rò pé ìpàá yẹn ti ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀. Nínú ọkàn mi mo ń kígbe pé, Bàbá Mutmainnah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́.

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó kúnlẹ̀. Nígbà tó lanu, Gbọ́mọsápò ló jáde, ohùn imú yẹn gan-an, kò yí padà rárá.

"Mo túúbá o, ọmọ kékeré! Mo túúbá! Mo túúbá! Ẹ má pa mí, mo túúbá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo kórìíra ẹ̀rín yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ó kan àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí ti bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, ó ti fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, ó ti dárúkọ ilé bàbá rẹ̀, wọn ò gbọ́. Ìgbà tó fi imú bẹ̀ wọ́n ni wọ́n tó gbọ́.

"Ó tó," Karimat wí, bó ṣe yẹ kó sọ. "Dìde."

Sàlámì gbé ìgò náà fún ọlọ́kadà. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Fóònù mi dún lọ́wọ́ mi, Mutmainnah ni, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìpàdé, kí ló dé tí mo pè tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe ń béèrè bàbá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ orúkọ wọn. Kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ẹ wo ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń ya fídíò bí wọ́n ṣe máa sun ún, àwọn náà ni wọ́n sún mọ́ ọn láti bá a ya fọ́tò. "Bàbá, ẹ bá wa ṣe bíi ti àtijọ́!" "Gbọ́mọsápò ìgbà èwe wa rèé o!" Ọkùnrin kan fi apá kọ́ ọ lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ kan aṣọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Mo bọ́ bàtà tó kù lẹ́sẹ̀ mi, mo fi lé wọn. Mo bú wọn, mo bú tẹlifíṣọ̀n, mo bú ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ní kí aránṣọ kan wá fi òwú ṣe irùngbọ̀n. Mo sunkún níbẹ̀ ní Ọjà'ba, mi ò tijú.

Waliyat ti kúnlẹ̀ níwájú Yẹ̀kínì, ó dojú bolẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀." Ó fi ìbòrí tuntun láti inú ọjà rẹ̀ nu irùngbọ̀n bàbá náà, ó nu ún títí aṣọ náà fi pọ́n. Yẹ̀kínì kàn ń mi orí. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Waliyat fa aṣọ mi.

"Màmá," ó wí, ó rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má gbọ́. "Ọmọkùnrin yẹn. Ṣé ó jáde lóòótọ́?"

"Ó jáde," mo wí. "Gbogbo wọn ló máa ń jáde." Mo fẹ́ fi ìbínú sọ ọ́, kò ṣeé ṣe. Mo rí i tó mí, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

A fi àpò kòkó sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mú un. Nínú táksí tó ń gbé wa lọ sí Beyerunka, Yẹ̀kínì ní kí n bá òun sọ fún àwọn ará tẹlifíṣọ̀n pé òun kò ṣe mọ́. Mo ní èmi náà kò ṣe mọ́. Karimat jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wò ó lójú láti ìgbà tí a ti wọ ọkọ̀, nǹkan kan wà tí inú rẹ̀ kò dùn sí.

"Gbọ́mọsápò," ó wí, "ẹ ò ṣe é dáadáa lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ń sọ pé ẹ túúbá. Ẹ ń sọ ọ́ ṣáá. Ẹ tún wá ń sunkún."

Yẹ̀kínì wo ìta fèrèsé.

"Wọ́n pọ̀ ni," ó wí. "Ìwọ nìkan ni mo máa ń bẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ọmọ náà rò ó wò. Ó na ọwọ́, ó di irùngbọ̀n rẹ̀ mú níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò sí, ó rọra fà á.

"Ó tó," ó wí. "Dìde."

Kò sí bí ó ṣe lè dìde nínú táksí. Ó kàn gbá ọmọ náà mọ́ra, a sì ń lọ sílé.